Eyín bíríìjì: ẹ bi dókítà léèrè eyín tó fẹ́ gbẹ́

Ìyá Aláṣọ, Èkó:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò wa tó ń béèrè lánàá bóyá kí òun ṣe bíríìjì, eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń so mọ́ eyín ẹni láti dí àlàfo, èmi ti ṣe é. Mo fẹ́ kó gbọ́ tèmi kó tó dá dókítà lóhùn.

Láti kékeré ni mo ti pèjí. Bí ìyá mi bá ń kì mí, èjí yẹn ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2014, mo já bọ́ lórí ọ̀kadà, ọ̀kan nínú eyín iwájú méjèèjì tó wà lókè, ti apá òsì, sì yọ síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo eyín àtọwọ́dá tí à ń kì bọnu láàárọ̀, tí à ń yọ sínú omi lálẹ́. Ó wúlò, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé òde, àfi kí n yọ ọ́ sínú áńkáṣíìfù kí n tó lè jẹ ẹran. Lọ́jọ́ kan mo sín nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fò jáde, ó bọ́ sórí léèsì tí mo tẹ́ fún oníbàárà. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú un, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ìgbà tó lọ tán ni mo sunkún.

Mo bá lọ rí dókítà eyín. Ó ṣàlàyé pé bíríìjì kì í dá dúró, eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo ló ń gbé e. Wọn á gbẹ́ eyín wọ̀nyẹn yíká, wọn á dé wọn ní eyín àtọwọ́dá bí ẹni dé fìlà, èyí tó dí àlàfo á sì so mọ́ wọn. Ó fẹ́ lo eyín iwájú kejì àti èyí tó tẹ̀lé àlàfo. Mo ní, "Dókítà, èjí mi ńkọ́?" Bí wọ́n bá ti so àárín pọ̀, èjí ti dí nìyẹn. Ó gba fọ́tò ìgbéyàwó tí mo mú dání, ó wò ó títí. Ló bá yí i padà: eyín méjì apá òsì ló fi gbé e, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín. Ó kìlọ̀ pé èyí tó so mọ́ apá kan ṣoṣo ò lágbára tó èyí tí eyín gbé lọ́tùn-ún lósì, kí n má fi já eegun tàbí àgbàdo sísun. Mo gbà.

Abẹ́rẹ́ nìkan ló dùn mí. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni ìgbà tí mo fi ahọ́n kan eyín tí wọ́n gbẹ́, tó ti di kùkùté kékeré. Eyín tí kò ṣe nǹkan kan, tí kò sì ní hù padà mọ́! Wọ́n fún mi ní ti ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n lẹ ojúlówó mọ́ ọn. Mo dé iwájú dígí, èjí mi wà níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú oríire mà. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba, ni mo bá lọ. Ní England níbí, ipele kẹta nínú owó ìtọ́jú eyín ni wọ́n fi bíríìjì sí, owó rẹ̀ sì di £326.70 ní April 2025. Eyín ẹ̀yìn ni tèmi. Kò pé ọdún márùn-ún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń fọ ẹnu, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé oúnjẹ ń há sábẹ́ eyín àárín yẹn. Kòkòrò ti jẹ eyín tó gbé e lábẹ́ fìlà, wọ́n sì yọ ọ́. Àlàfo kan ti di méjì. Wọ́n ní kí n ṣe eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi irin títáníọ̀mù kàn mọ́ egungun àgbọ̀n, torí kì í yọ eyín mìíràn lẹ́nu, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ó sì ń gba oṣù mélòó kan kí egungun tó dì mọ́ ọn.

Ìyá Aláṣọ, Èkó:

Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ó dùn mí gan-an. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún yín. Òwú kan wà tí orí rẹ̀ le, mo máa ń tì í gba abẹ́ eyín náà bí ẹni ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, kí n wá fà á lọ fà á bọ̀. Pákò ò lè débẹ̀.

Àbúrò yín, Ìbàdàn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Eyín méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo tèmi le koko, kòkòrò ò kàn wọ́n rí.

Ìyá Aláṣọ, Èkó:

Nígbà náà, bi dókítà nípa bíríìjì tí wọ́n ń fi apá tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín. Kò fi bẹ́ẹ̀ nílò gbígbẹ́. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe lẹ́nu tìrẹ, jẹ́ kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ kí o tó lanu.