Ẹ̀jẹ̀ imú ọmọ mi kì í ṣe kátá

Ìjẹ̀bú-Òde la wà, aṣọ ni mo ń tà ní Òkè-Àjẹ. Ọmọ ọdún 14 ni àkọ́bí mi ọkùnrin nígbà tí imú rẹ̀ dí, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàdédé tú níbẹ̀. Ihò ọ̀tún nìkan o. Ìyá ọkọ mi ní ooru ni, ká máa da omi tútù sí i lágbárí. Kílíníìkì kan ní kátá ni, oògùn kátá ni wọ́n ń kó fún un ṣáá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìrọ̀rí rẹ̀ gbindin, ojú rẹ̀ ti funfun báláú. La bá sáré gba ọ̀nà Ṣàgámù, ó di ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà kékeré kan fẹ́ gé bíńtín lára ohun tó rí nínú imú náà lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀gá rẹ̀ pariwo: "Má fọwọ́ kàn án!" Ó wá kọjú sí mi: "Mọ́mì, ọmọkùnrin tó ń bàlágà, tí imú rẹ̀ dí lápá kan, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, a gbọ́dọ̀ yàwòrán rẹ̀ ná. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kún inú irú kókó yìí. Tá a bá gé e báyìí, apá wa lè má ká ẹ̀jẹ̀ náà." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú.

Lẹ́yìn CT àti MRI, àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n ní angiofibroma ni kókó náà ń jẹ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń jẹ egungun, ó sì ń wá àyè rìn. Ọ̀gá dókítà mú bírò, ó ya orí ènìyàn sẹ́yìn káàdì wa, ó fi ìpele tí dókítà Radkowski àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀ ní 1996, láti fi mọ ibi tí kókó náà tàn dé, hàn mí. Ìpele I, inú imú àti ẹ̀yìn imú ló mọ, tàbí kó wọ àwọn ihò inú egungun ojú. Ìpele II, ó ti gba ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ imú yọ sí kòtò tó wà lẹ́yìn egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìpele II yìí tún pín sí A, B àti C; tó bá kọjá ibẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an, IIC ni. Ìpele III, ó ti jẹ ìsàlẹ̀ agbárí, ó ń lọ síbi ọpọlọ. IIB ni tọmọ mi: kòtò yẹn ti kún dẹ́múdẹ́mú.

Ìpele yìí ni wọ́n fi mọ̀ bóyá inú imú ni wọ́n á gbà yọ ọ́ tàbí wọ́n á la ojú, àti ẹ̀jẹ̀ tá a máa wá sílẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá kókó náà, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Imú ni wọ́n gbà, kò sí àpá kankan lójú rẹ̀. A ṣì ń lọ ya MRI látìgbàdégbà, torí èyí tó bá ṣẹ́kù lè tún hù.