Ṣé ẹni tó gba orin sílẹ̀ náà ló yẹ kó ṣe mastering rẹ̀?

Ìbéèrè, láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Mo ní sítúdíò kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Yàrá kan péré ni. Inú rẹ̀ ni mo ti ń gba ohùn sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣe mixing, ìyẹn pípa ohùn àti ìlù pọ̀ kí wọ́n bára mu, àti mastering, ìyẹn àtúnṣe ìkẹyìn tí a ń ṣe sí odindi orin kó tó jáde. Àwọn oníbàárà mi ni àwọn akọrin fújì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀, àwọn akọrin ìjọ, àti, bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ orin tuntun tí wọn yóò fi wọ Ojúde Ọba.

Bí mo bá parí orin kan, ó máa ń dùn létí mi nínú yàrá náà, àmọ́ bí wọ́n bá gbé e sínú mọ́tò tàbí sórí ẹ̀rọ ńlá níbi àríyá, ìlù á wú bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Àwọn oníbàárà á tún ní orin náà kò ròkè tó ti àwọn ará Èkó. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ṣé sípíkà tó dára ju èyí tí mo ní lọ ni kí n rà, àbí kí n jáwọ́ nínú mastering, kí n máa fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn? Mo fẹ́ kí iṣẹ́ tó ń ti ìlú wa jáde jẹ́ iṣẹ́ gidi, nítorí náà ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi.

Ìdáhùn kìíní, láti Ṣágámù

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìforítì. Ẹ má tíì ra sípíkà, nítorí pé yàrá yín ló ń parọ́ fún yín. Ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri méjì bá fi mítà 3 jìnnà síra, ìró tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 57 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ láàárín wọn, yóò le gan-an lẹ́bàá ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní àárín yàrá. Bí ó bá jẹ́ àárín yẹn ni àga yín wà, ẹ ó rò pé bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn irú ìró ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò tó, ẹ ó sì máa fi kún un. Ìgbà tí orin bá dénú mọ́tò ni gbogbo ohun tí ẹ fi kún un yóò wá hàn. Sípíkà tuntun yóò jókòó sínú yàrá kan náà, irọ́ kan náà ni yóò sì máa gbé wá sí yín létí.

Páálí ẹyin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè mú bẹ́ẹ̀sì, fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò sì lè mú un. Ìró tó mú, tó lọ sókè, nìkan ni fóòmù ń gbé mì, yàrá á wá dà bí èyí tó pa rọ́rọ́, nígbà tí bẹ́ẹ̀sì ṣì ń jà nísàlẹ̀. Rockwool ni kí ẹ wá, ìyẹn òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan férémù tí yóò gba èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán, ẹ fi aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá bò ó, kí fọ́nrán rẹ̀ má baà máa fò wọ ojú àti imú, kí ẹ sì gbé èyí tó nípọn jù lọ sí àwọn igun yàrá, nítorí igun ni bẹ́ẹ̀sì ti ń kóra jọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sún àga kúrò ní àárín.

Bí ẹ bá ń fi orin yín wé ti ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ mú bí méjèèjì ṣe ròkè tó dọ́gba. Etí ènìyàn tètè máa ń ka èyí tó ròkè sí èyí tó dára.

Ìdáhùn kejì, láti Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n láti Ṣágámù sọ, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orin tó ń ròkè. LUFS ni a fi ń wọn bí orin ṣe ròkè tó létí, Spotify sì máa ń mú orin wá sí nǹkan bíi -14 LUFS. Bí ẹ bá fi limiter, ìyẹn ohun èlò tó ń gé orí ìró tó bá ga jù, tì í dé -7, tó ròkè ju -14 lọ, wọn yóò fà á wálẹ̀ padà, kò sì ní sí èrè kankan ju pé ẹ ti tẹ orin náà pa. Lóòótọ́, orin tí wọ́n bá ti inú flash gbé sórí ẹ̀rọ ní òde àríyá kò ní ẹni tí yóò fà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, yóò yí i sókè bó bá ṣe fẹ́.

Orin tiwa ni ó sì ń fara gbá a jù. Ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ kan awọ gángan ni ìlù là ẹnu. Bí limiter bá ń gé orí ìró yẹn léraléra, ẹni tó ń gbọ́ yóò mọ̀ pé ìlù ń dún, kò ní gbọ́ ohun tí ó ń wí mọ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á di ariwo lásán, agídìgbo á sì rì sábẹ́ àwọn elégbè. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà, kódà ẹ lù ú fún un ní ọ̀nà méjèèjì kó gbọ́.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, bí ẹ bá rí ẹni tí etí rẹ̀ ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ fi orin tó bá ṣe pàtàkì ránṣẹ́ sí i, nítorí kò mọ wàhálà tí ẹ ṣe nídìí rẹ̀, ohun tó gbọ́ nìkan ni yóò ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí kò bá sí, ẹ má ṣe mastering ní ọjọ́ tí ẹ parí mixing. Ìlú wa níhìn-ín ni Haruna Ishola gbé sítúdíò Phonodisk kalẹ̀ sí ní ọdún 1979, onítíráàkì 24 ni, ìyẹn ni pé ó lè gba ìró 24 sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Èkó dẹ́rù bà yín.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀kùn gba igun kan nínú yàrá mi. Ohun kejì ni pé àwọn oníbàárà kà á sí pé ọ̀fẹ́ ni mastering. Báwo ni ẹ ṣe ń gba owó rẹ̀?

Ìdáhùn kẹta, láti Ìkẹ́nnẹ́

Níbi tí ilẹ̀kùn wà, ẹ gbé rockwool náà sókè, níbi tí ògiri ti pàdé àjà. Igun ni ibẹ̀ náà.

Ní ti owó, ẹ yà á sọ́tọ̀ lórí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: gbígba ohùn sílẹ̀ ní wákàtí, mixing àti mastering ní orin kọ̀ọ̀kan, kí owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti wà nínú owó wákàtí. Ohun tí oníbàárà kò bá rí lórí ìwé ni yóò máa pè ní ọ̀fẹ́. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó tan máíkì, kí ẹ kọ iye àtúnṣe tí owó náà kó mọ́ra, kí ẹ sì kọ ẹni tó ni orin náà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 kò gba kí wọ́n fi ẹnu lásán gbé irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀.

Fáìlì mixing tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ síta, kó jẹ́ 24-bit, kí limiter má ṣe sí lórí rẹ̀, kí ibi tó ga jù lọ nínú rẹ̀ wà ní nǹkan bíi -6 dB, ìyẹn ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi gíga jù lọ tí fáìlì lè gbà, kí ẹni tí yóò ṣe mastering lè rí àyè yí ọwọ́. Kí ẹ sì tọ́jú gbogbo tíráàkì sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ẹgbẹ́ tó wá lọ́dún yìí lè padà wá lẹ́ẹ̀míì pé kí ẹ yí orúkọ ìyá ẹgbẹ́ padà nínú orin.