Ìdáríjì gbèsè àbí ìjọ̀wọ́lọ́wọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká máa pe ohun tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí Jubilee 2000, ìpolongo pé kí wọ́n wọ́gi lé gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè tálákà, bèèrè lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè olówó nígbà yẹn ní "ìdáríjì gbèsè". Mátíù 6:12 ni ẹ̀gbọ́n náà fi gbè é lẹ́yìn: "Dárí gbèsè wa jì wá." Òótọ́ ni, bó ṣe wà nínú Bíbélì nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ẹ̀ṣẹ̀" la máa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibẹ̀ gan-an lèmi kò ti bá wọn lọ. Ẹni tó bá ṣẹni là ń dárí jì. Tí ológun kan bá yáwó lórúkọ ìlú, tó ná an bó ṣe wù ú, kí ni ìyá ẹlẹ́ja ṣe tí a ó dárí rẹ̀ jì í? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Jubilee fi sọ pé kí wọ́n wọ́gi lé gbèsè náà, tí wọn ò tọrọ àforíjì.

Deutarónómì 15 ti ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nílẹ̀: ìjọ̀wọ́lọ́wọ́. Tí ọdún méje bá pé, kí ẹni tó yáni lówó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò dẹ́bi ru onígbèsè. Ọwọ́ tó di nǹkan mú ló ń bá wí. Lọ́jọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, nǹkan bí 70,000 èèyàn ló so ọwọ́ pọ̀ yí àárín Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká nígbà ìpàdé G8, ìyẹn àwọn olórí orílẹ̀-èdè ńláńlá mẹ́jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olórí náà ti gba ìgbèríko lọ lọ́jọ́ yẹn. Martin Dent, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Jubilee 2000 sílẹ̀, ti ṣiṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní àríwá Nàìjíríà rí. Ọ̀rọ̀ wa kò ṣàjèjì sí i.

Àwọn kan ní ká kúkú máa pè é ní "jùbílì" bó ṣe wà nínú Léfítíkù 25. Ẹ jọ̀ọ́! Jùbílì ti di ayẹyẹ. Nígbà tí ìjọ kan tí mo mọ̀ pé 50 ọdún, àǹtí kan nínú ẹgbẹ́ akọrin yáwó lọ́wọ́ alájọ kó lè ra ankara jùbílì. Wọ́n fún un ní ike ìbomi tí wọ́n tẹ "Jùbílì" sí lára. Ike náà ti là báyìí, gbèsè ankara ò tíì tán. Ẹ wá lọ sọ fún àǹtí yẹn pé ọdún ìdásílẹ̀ ni jùbílì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pin mí lẹ́mìí ni ti Nàìjíríà. Nínú àdéhùn 2005, Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó yá wa lówó, yọ bílíọ̀nù 18 dọ́là kúrò nínú gbèsè wa, àmọ́ ìjọba Ọbásanjọ́ ní láti ka nǹkan bí bílíọ̀nù 12 sílẹ̀ fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe ìdáríjì, kò sì jọ ìjọ̀wọ́lọ́wọ́. Lọ́jà Bódìjà, ẹ̀dínwó là ń pè é.