Ọ̀pá kì í ṣe mítà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí a jọ ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ní Yorùbá. Mo ti ka àbá tí ọ̀gá wa mú wá pé kí a máa pe mítà ní "ọ̀pá", nítorí pé mítà kì í ṣe Yorùbá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ èdè ló mú un wá, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀pá ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́: yáàdì ni.

Ẹ dé Gbági n'Íbàdàn tàbí Balógun l'Ékòó. Bí ẹni tó ń ta àǹkárá kò bá lo ọ̀pá onígi tó wà lórí tábìlì rẹ̀, á fi etí aṣọ kan imú, á na apá kejì gbọọrọ, á ní "ení". Ọ̀pá kan nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, sẹ̀ǹtímítà 91.44. (Ní 1959 ni Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti orílẹ̀-èdè mẹ́rin mìíràn fẹnu kò lórí iye yìí.) Bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé-ìwé pé ọ̀pá ni mítà bá lọ ra ọ̀pá mẹ́fà, mítà 5.49 ni yóò gbé délé. Sẹ̀ǹtímítà 51 ti dín sí ohun tó ní lọ́kàn, apá bùbá sì wà nínú èyí tó dín yẹn.

Àbá kejì ni pé kí ọ̀kẹ́ nìkan máa dúró fún mílíọ̀nù, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Ẹ wo ọ̀kẹ́ náà. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. A kì í ná ẹyọ mọ́, ṣùgbọ́n iye yẹn kò yẹ̀. Òun ló jẹ́ kí àádọ́ta ọ̀kẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù kan títí dòní. Nítorí náà, n kò gba àbá kejì yìí rárá. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ àtijọ́ yóò sọ gbèsè ẹgbàá mẹ́wàá di mílíọ̀nù.

Tí ẹ bá ní mítà kì í ṣe tiwa, garawa ńkọ́? Ọwọ́ Hausa la ti gbà á, kò sì sí ìyá elépo tó ń pè é ní àjèjì. Kìlómítà ti wà lẹ́nu awakọ̀, sẹ̀ǹtímítà wà lára rúlà ọmọ ilé-ìwé. Bí mítà bá di ọ̀pá, kí la ó wá pe àwọn yẹn?

Ibi tí iṣẹ́ wà fún wa gan-an ni ìwọ̀n oko. Mo rí i pé wọ́n fi éékà kan sí iwájú "igba ebè" nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Iye ebè ni àgbẹ̀ ń kà, kì í ṣe fífẹ̀ ilẹ̀. Ebè iṣu ńlá kì í ṣe ẹgbẹ́ ebè ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ tí igba rẹ̀ yóò gbà kò sì lè dọ́gba. Kí a kọ ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ebè náà sí i, kí a sì bi àwọn àgbẹ̀ àdúgbò kọ̀ọ̀kan bí ebè wọn ṣe ń jìnnà síra.