Ṣé súgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ lè jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì tètè mú ẹja?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, búrẹ́dì tó ṣẹ́kù ní békìrì ni bọ̀dá mi ń fún tìlápíà wọn, ṣé súgà ò ní pọ̀ lẹ́jẹ̀ ẹja báyìí kí fáírọ́ọ̀sì wá rọ́nà wọlé?

Baba Ẹlẹ́ja: Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o. Súgà máa ń pẹ́ lẹ́jẹ̀ ẹja ju tèèyàn lọ, ẹja òyìnbó tí wọ́n ń pè ní trout ló burú jù, tìlápíà ṣì ń gbìyànjú. Ẹ la ọ̀kan wò, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè ti wú kó sì funfun, agbára tó fi ń bá àrùn jà á ti dínkù, àwọn fáírọ́ọ̀sì kan gan-an súgà inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń pọ̀ sí i.

Múfú: Omi ìdọ̀tí àti kíkó ẹja há mọ́ra náà ń gbé súgà sókè o! TiLV, fáírọ́ọ̀sì tó ń pa tìlápíà, ò sì lóògùn, ẹ bá mi bẹ bọ̀dá kí wọ́n dín búrẹ́dì yẹn kù.