"Agbára àtúnlò" kọ́ ni: ẹ wo Áísílándì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú làákàyè o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí a máa pe agbára tó ń ti ara oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi wá (renewable energy) ní "agbára àtúnlò". Ẹlòmíràn dáhùn pé "agbára àìlópin" ló dùn létí jù. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Áísílándì ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, èèyàn ibẹ̀ kò tó 400,000, ṣùgbọ́n iná mànàmáná wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ti epo tàbí èédú nínú rárá. Bí ẹ bá dá a sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bíi méje jẹ́ ti omi odò tí wọ́n sé, mẹ́ta tó kù jẹ́ ti ooru abẹ́ ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "àtúnlò". Ike, páànù àti bébà là ń tún lò: a ti lò ó rí, a wá padà sídìí rẹ̀. Omi tó bá ti yí ẹ̀rọ ní Kárahnjúkar, níbi tí wọ́n sé odò sí láti fi pèsè iná, ti ń bá tirẹ̀ lọ sí òkun nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń lọ bù ú padà. Omi mìíràn tó yọ́ láti ara òkìtì yìnyín ńlá tí wọ́n ń pè ní Vatnajökull ni wọn yóò lò lọ́la. Bí a bá fún èyí ní "àtúnlò", kí la fẹ́ máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń ṣa ike?

"Àìlópin" ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní Hellisheiði, ibùdó ooru abẹ́ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006, tó sì lè pèsè megawáàtì 303 iná mànàmáná, wọ́n gbẹ́ ihò wọ ilẹ̀ lọ jìnnà kí ooru lè máa ru jáde wá yí ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ń fà á tó, ilẹ̀ kò rí i dí padà bẹ́ẹ̀. Ooru náà ń dín lágbára. Wọ́n ní láti gbẹ́ ihò mìíràn, wọ́n fi páìpù fa ooru wá láti Hverahlíð tó wà nítòsí, omi tí wọ́n sì ti lò tán ni wọ́n ń dà padà sínú ilẹ̀. Ohun tó lópin bí a bá fi ìwọra fà á ni. Ọmọ ilé-ìwé tó bá kọ́ "àìlópin" yóò rò pé kò sóhun tó ń jẹ́ ìṣọ́ra níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń lo "ìsọdọ̀tun", ó sì sàn díẹ̀. Àléébù rẹ̀ wà nínú "sọ": ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń sọ ọ́ di ọ̀tun. Ta ló ń sọ afẹ́fẹ́ di ọ̀tun? Ó ń di ọ̀tun fúnra rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "agbára adọ̀tun". A kò lọ yá a níbìkan, ó wà nínú Adédọ̀tun àti Ọládọ̀tun tí à ń sọ ọmọ. Ohun tó ń dọ̀tun sì lè má tètè dọ̀tun bí a bá kánjú lò ó, ọ̀rọ̀ náà gba ìyẹn láàyè.

Ó ku "iná abẹ́ ilẹ̀" tí àwọn kan kọ fún ooru abẹ́ ilẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí etí wa ń gbọ́ bí ẹnì kan bá ní "iná ti lọ". Ní Laugardalur ní Reykjavík, olú-ìlú Áísílándì, omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń fọ aṣọ láyé àtijọ́. Ní 1930 ni wọ́n fa páìpù láti ibẹ̀ wọ ilé-ìwé kan àti àwọn ilé mélòó kan kí ilé lè móoru. Kò sí iná kankan nínú iyẹn. Lónìí, nǹkan bí ilé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń rí ooru lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì 2024, òkúta yíyọ́ tó ń ṣàn láti inú ilẹ̀ já páìpù omi gbígbóná tó ń ti Svartsengi, ibùdó ooru abẹ́ ilẹ̀ mìíràn ní Áísílándì, wá. Ilé àwọn èèyàn tó ju 20,000 lọ tutù nínú òtútù líle, síbẹ̀ iná mànàmáná ṣì wà. Kódà àwọn aláṣẹ ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi hítà fa iná jù. Akọ̀ròyìn tó bá kọ "iná abẹ́ ilẹ̀ lọ" ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. "Ooru abẹ́ ilẹ̀" ni kí a dì mú. Àwọn ará Áísílándì fúnra wọn ń pè é ní jarðhiti, ilẹ̀ àti ooru ni wọ́n so pọ̀. Àwọn náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ èdè tiwọn pe iná mànàmáná ní rafmagn, wọ́n sì gba sími, ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún okùn, padà fún tẹlifóònù.

Ní ti omi inú páìpù yẹn, kò tilẹ̀ yẹ ká ṣẹ̀dá ohunkóhun. "Omi ẹ̀rọ" là ń pe omi tó ń ti páìpù wá tẹ́lẹ̀. "Omi ẹ̀rọ gbígbóná" ti tó.