Ẹ̀yin tí ẹ ní psoriasis, àrùn àwọ̀ ara tó máa ń ṣí, ṣé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ máa ń kú mọ́ yín lára?

Àbẹ̀kẹ́ Mushin: Ẹ kú alẹ́ o. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni psoriasis ti wà lára mi, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ló pọ̀ sí jù. Ní báyìí, àtàǹpàkò ọ̀tún mi àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e máa ń kú lóru. Àfi kí n gbọn ọwọ́ dáadáa kó tó jí. Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni rí?

Bàbá Ìbejì: Ó ṣe ìyàwó mi. Ṣé oríkèé máa ń le yín láàárọ̀? Tirẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló wú látàrí àrùn oríkèé tó máa ń bá psoriasis rìn, ó wá ń fún iṣan tó gba ibẹ̀ lọ sí ìka. Wọ́n ní kó máa di ọrùn ọwọ́ náà bó bá fẹ́ sùn, wọ́n sì yí oògùn rẹ̀ padà. Ó ti rọjú.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ wo èékánná yín. Bó bá ní ihò kéékèèké lójú, ẹ tètè lọ yẹ oríkèé wò.

Ìyá Tóyọ̀sí, Peckham: Àtẹ́lẹsẹ̀ ni tèmi. Ó ń jó mi lóru débi pé mi ò lè fi aṣọ bò ó. Gbogbo ilé ní psoriasis ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, àṣé ṣúgà ti gòkè, òun ló ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Àwa tá a ní psoriasis, ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú wa ju àwọn ẹlòmíì lọ. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò!

Akin: Oògùn ló fa tèmi o. Leflunomide tí mò ń lò fún oríkèé, ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dókítà dá a dúró.

Ìyá Tóyọ̀sí, Peckham: Ọmọ mi, má dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n má baà da oògùn nù.

Akin: Ẹ má bínú, Mummy. Mi ò ní kí wọ́n dá a dúró fúnra wọn. Kí wọ́n sọ fún dókítà ni mo wí.

Dúródọlá: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Níbi tí mo háyà sí n'Íbàdàn, ìyá onílé rí ẹ̀yìn mi níbi tí mo ti ń fọṣọ, ló bá ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ó gbé korobá mi sọ́tọ̀ nídìí kànga. Nígbà tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹsẹ̀ mi ń kú, òun náà sún sẹ́yìn. Dókítà ló ní kí n dijú, ó ń fi òwú kan ojú àwọ̀ tó ń ṣí náà níkọ̀ọ̀kan, kí n máa sọ ibi tó kàn. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ó ní ojú àpá ẹ̀tẹ̀ kì í sábà mọ nǹkan lára bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Korobá kẹ̀! Ṣé ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ yín ṣá?

Dúródọlá: Ó ń gbà á. Kò fi aṣọ dì í mú.

Àbẹ̀kẹ́ Mushin: Omijé bọ́ lójú mi. Wọn ò jẹ́ kí èmi náà bu oúnjẹ níbi ìkómọ àbúrò mi. Psoriasis kì í ràn!

Bàbá Ìbejì: Bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ènìyàn lẹni tó ní in. Láti 1995 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ń fún wọn ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń wò ó sàn.

Ọmọge Òṣogbo: Ẹ lo àgbo. Ẹnì kan wà tó ń tà á ládùúgbò wa.

Akin: Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ọmọge Òṣogbo: Ewé àti egbò ni.

Akin: Ewé wo? Ẹni tó ń lo methotrexate, oògùn psoriasis, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bí ẹni tó ń tà á ò bá lè dárúkọ ewé, kò gbọdọ̀ mu ún.

Ìyá Tóyọ̀sí, Peckham: Òótọ́ lo sọ níbẹ̀ yẹn. Ọtí náà ńkọ́!

Àbẹ̀kẹ́ Mushin: Dúródọlá, kí ni wọ́n wá ní ó ń ṣe ẹsẹ̀ yín?

Dúródọlá: Wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣúgà kọ́. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ oníná yẹ iṣan wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Mushin: Ṣé ó máa ń dunni?

Akin: Ó máa ń ta ènìyàn pì. Kì í pẹ́.